Aṣọ Funfun Tí Láwàní Kò Yí

Kétu, ọjọ́ kejì ọjà

Àkànbí, arẹ́mọ mi,

Obìnrin tó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní pápá bàálù lọ́jọ́sí, èmi kọ́ ni ọpẹ́ rẹ̀ tọ́ sí. Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti fà á ya. Bí èyí bá dé ọwọ́ rẹ, á jẹ́ pé ó ti rẹ̀ mí láti máa sá nìyẹn.

Lẹ́tà tìrẹ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rẹ ní kí n kà á sókè. O ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé ìwọ ni igbákejì awakọ̀ nínú bàálù tó ń ti Kùtọnu lọ sí Lọ́mẹ́ àti Àbíjáǹ, pé ìparí oṣù yìí ni wàá kọ́kọ́ gbé èrò. O ní o ti tọ́jú ìjókòó kan fún mi lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà lo wá kọ gbólóhùn tó gún mi lọ́kàn: “Bàbá, ìtàn obìnrin tó kúnlẹ̀ fún yín, tí Ìyá máa ń sọ ní gbogbo òjò àkọ́rọ̀, òun ló jẹ́ kí n yan iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ kí èrò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ tèmi náà bẹ́ẹ̀.”

Ìyá rẹ pàtẹ́wọ́. Èmi dìde, mo lọ dúró létí kòtò omi òjò tó wà lẹ́yìnkùlé wa, mo ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ.

Ọmọ mi, ìtàn tí ìyá rẹ ń sọ kò pé. Òun náà kò mọ̀ pé kò pé. Jẹ́ kí n sọ èyí tó kù.

O mọ̀ pé n kò parí kọlẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́. Mo ń yán hànhàn, mo fẹ́ ṣe tibí, mo fẹ́ ṣe tọ̀hún, títí wọ́n fi fi mí ṣe ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ ní pápá kékeré tí àwọn òyìnbó là lẹ́yìn ìlú nígbà náà, èyí tó ti di oko ẹ̀gẹ́ báyìí. Iṣẹ́ mi ni kí n wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ àti bó ṣe le tó, kí n kọ ọ́ sínú kàyé, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ wa, kí n sì fi tẹlifóònù ránṣẹ́ sí Kùtọnu kí bàálù tó gbéra. Aṣọ funfun gbọọrọ méjì sì wà tí a máa ń tẹ́ sórí koríko, tí a ó fi ọ̀kan dábùú orí èkejì. Ibi tí orí aṣọ náà bá kọ sí ni awakọ̀ fi ń mọ ìhà tí òun yóò gbà balẹ̀, nítorí bàálù gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀. Ìwọ mọ èyí jù mí lọ nísinsìnyí. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, aṣọ gbọ́dọ̀ yí.

Láwàní ló ń tẹ́ aṣọ náà. Ọmọ abúlé Okpómẹ̀ta ni, àgbẹ̀ ni kó tó bá wa ṣiṣẹ́, kò kàwé, ó sì fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni kàyé wà, nítorí náà “Láwàní” lásán ni mò ń pè é, “ìwọ” ni mò ń bá a sọ, òun ní tirẹ̀ sì ń pè mí ní ọ̀gá. Kí n sòótọ́, òun ló mọ afẹ́fẹ́ jù mí lọ. Á bu eruku, á jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀, á ní, “Ọ̀gá, yóò yí sí apá Ìlárá kó tó di ọ̀sán.” Yóò sì yí.

Awakọ̀ tó máa ń wá jẹ́ òyìnbó kan tí irun ti re níwájú orí rẹ̀. Kòmáńdà ni gbogbo wa ń pè é. Abẹ́ igi ni ó ti máa ń jókòó jẹ ẹyin bíbọ̀ kó tó padà. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé inú bàálù lókè aginjù lòun wà nígbà tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ òun obìnrin, pé etí òun ọ̀tún kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, àti pé ibùsùn tí òun ti sùn sí pọ̀ débi pé bí òun bá jí, òun máa ń kọ́kọ́ dúró kí òun rántí ìlú tí òun wà. Mo bi í léèrè pé kí ló wá dé tí kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mẹ́tẹ́ò” (orúkọ tó sọ mí nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní Faransé), “èmi kò lè rí afẹ́fẹ́. Ohun tí o kọ ni ojú mi.”

Ó gbé mi gòkè lẹ́ẹ̀kan. Mo rí yàrà ìlú wa tó yí Kétu po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ojú mi kún fún omijé ayọ̀, lẹ́yìn náà ni mo bì sínú fìlà tí mo fi gbé ìyá rẹ níyàwó. Nígbà tí a balẹ̀, tí mo gbé fìlà náà lọ́wọ́ tìṣọ́ratìṣọ́ra, Láwàní wò ó, ó ní, “Ẹ kú àbọ̀, ọ̀gá. Ṣé omi lẹ pọn bọ̀ láti òkè fún wa ni?” Kòmáńdà kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Èmi nìkan ni mo bínú. Bóyá ibẹ̀ ni mo ti ń wá ẹ̀sùn sí Láwàní lẹ́sẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mo ti ìdí tẹlifóònù dé, mo rí i pé Láwàní ti yí aṣọ. Afẹ́fẹ́ ti yí lóòótọ́. Ohun tó tọ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n Kòmáńdà ti balẹ̀, ó ń gbóríyìn fún un, ó ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ jìgìjìgì.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Láwàní! Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?”

“Ọ̀gá, afẹ́fẹ́ ló...”

“Ṣé afẹ́fẹ́ ló gbà ọ́ síṣẹ́? Ìwé mélòó lo kà? Bí n kò bá tíì sọ̀rọ̀, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ yẹn, bí ilé tilẹ̀ ń jó!”

Ó ní, “Mo gbọ́, ọ̀gá.”

Ó sì gbọ́. Àkànbí, ó gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé.

Ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀ ni ohun tí mò ń wí ṣẹlẹ̀. Ìwọ tí o ti ń gbé ìlú olómi ẹ̀rọ láti ọjọ́ yìí, má gbàgbé ohun tí òjò àkọ́rọ̀ jẹ́ lórí ilẹ̀ wa yìí. A ò lódò. Bí o bá gbẹ́ kànga títí okùn fi tán, òkúta lo máa bá. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ń jà á jọ̀wọ́ ọrùn aṣọ ẹni tó ń bá jà, ẹni tó ń jẹun á ṣánwọ́, gbogbo ìlú á sáré lọ gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ẹni tí òjò àkọ́rọ̀ bá kọjá lórí ilé rẹ̀ tí kò gbé nǹkan kan sílẹ̀, wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yí po.

Mo ti fi tẹlifóònù ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wẹ́rẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn. Ó yẹ kí n tún wò ó kí bàálù tó dé, kí n sì dúró ti aṣọ. Ṣùgbọ́n mo rí i tí àwọ̀sánmà ń ṣú bọ̀ láti apá Ìlárá, níhà ìlà oòrùn. Mo rántí pé oyún àbúrò rẹ ti wọ oṣù kẹjọ lára ìyá rẹ, pé kò lè dá ìkòkò ńlá gbé. Mo mú kàyé, mo kọ afẹ́fẹ́ wákàtí tí kò tíì tó sínú rẹ̀, láìgbójú sókè: ìwọ̀ oòrùn, wẹ́rẹ́. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi. Mo ní, “Láwàní, mò ń bọ̀.”

Ìkòkò mẹ́sàn-án ni mo gbé. Inú mi ń dùn, omi ń dà wọ̀ọ̀, ìyá rẹ ń kọrin. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró bàálù lórí òrùlé.

Mo wa kẹ̀kẹ́ bí aṣiwèrè. Afẹ́fẹ́ láti apá Ìlárá ń tì mí lẹ́yìn lọ sí pápá, n kò tilẹ̀ ní láti wà á púpọ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ti yí pátápátá. Láwàní dúró ti aṣọ náà nínú òjò, ó na ọrùn sí ọ̀nà tí mo máa gbà dé. Kò yí i. Kòmáńdà rí aṣọ funfun, ó gbà á gbọ́, ó sì balẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Bàálù náà kò lè dúró. Ó sá kọjá òpin pápá wọ inú igbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ya.

Èrò mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Apá Kòmáńdà ló ṣẹ́. Mo bá a níbi tó ti fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú, tó ń ka àwọn èrò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àti ọmọ ọwọ́. Ìgbà tó kà wọ́n pé ló tó jókòó sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Kòmáńdà na ọwọ́ tó dára sí mi. Ó ní, “Kó má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nìkan. Ọkùnrin yìí ni ojú mi láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti kọ̀wé tán ni afẹ́fẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ yí.”

Obìnrin náà kò gbọ́ Faransé. Ó yíjú sí mi, ó ń dúró kí n sọ ohun tí òyìnbó wí fún òun.

Àkànbí, ẹnu mi yìí ni mo fi túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó sì kúnlẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun o, bàbá. Ọlọ́run á dá ojú yín sí.” Mo ní kó dìde, mo ní Ọlọ́run ni ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láwàní wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di etí aṣọ funfun náà mú, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ń wò mí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n rán ẹnìkan wá láti bèèrè bó ṣe jẹ́. Mo ní mo ti pàṣẹ kí Láwàní yí aṣọ, kò yí i. Wọ́n bi í pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀.” Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lé e. Kó tó lọ, ó ká àwọn aṣọ náà, ó tò wọ́n sórí tábìlì mi, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ikán dé ibẹ̀.” Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Okpómẹ̀ta. Ibẹ̀ ló wà di òní. Bí a bá pàdé lọ́jà, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi.

Àná ni mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, “Bàbá Àkànbí, ìkòkò mi lẹ fi bo Láwàní mọ́lẹ̀? Omi yẹn ni mo fi wẹ ọmọ tí mo bí.” Ó dìde, ó gbé ẹ̀wà rẹ̀ wọlé.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún ọdún. Ìwọ lo lé e bá mi, pẹ̀lú ìjókòó tí o tọ́jú. N kò mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe irú èyí lẹ́nu láti gbani nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣubú sí kòtò mọ ibi tí kòtò wà, nítorí náà fetí sí mi.

Èkíní, má ṣe kọ ohun tí o kò wò. O ní ìwé kan wà tí ẹ máa ń kà láti òkè dé ilẹ̀ kí ẹ tó gbéra, tí ọ̀kan á máa pè é, tí èkejì á máa dá a lóhùn, àti pé àwọn kan ti há a sórí débi pé wọ́n ń dáhùn láìwo nǹkan tí wọ́n ń pè. Wò ó. Bí ó bá di ẹgbẹ̀rún ìgbà, wò ó. Ọjọ́ tí o bá kọ “ó dára” láìgbójú sókè, rántí kàyé bàbá rẹ.

Èkejì. A kọ́ ọ nílé pé ọmọ kì í já àgbà ní koro. Mo ń gba ẹ̀kọ́ yẹn padà lọ́wọ́ rẹ, àmọ́ inú bàálù nìkan ni mo ti ń gbà á o! Ẹni tó ní ewú lórí ni wàá jókòó tì. Bí o bá rí ohun tí òun kò rí, fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Bó bá ní kí o dákẹ́, tún un sọ. Láwàní bọ̀wọ̀ fún mi, ọ̀wọ̀ náà ló sì fẹ́ pa èèyàn márùn-ún àti ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí ó bá sì kàn ọ́, tí ìwọ náà bá di ọ̀gá, tí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ bá tọ́ ọ sọ́nà lójú èèyàn, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú èèyàn. Bí ojú bá tì ọ́, jẹ́ kó tì ọ́. Ìtìjú kì í fọ́ bàálù. Ẹnu tí a pa mọ́ ló ń fọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ èrò wá ńkọ́, èyí tí o ní o ń fẹ́? Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ bí táyà bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀. Àwọn kan á gbàdúrà lé ọ lórí, àwọn ìyá arúgbó láti abúlé Kpankú á fẹ́ fún ọ ní obì. Gbà á. Má sọ pé kò tó nǹkan, nítorí ẹ̀rù ló ń jáde lára wọn bẹ́ẹ̀: wọ́n ti kó ara wọn àti ọmọ wọn lé ẹni tí wọn kò rí ojú rẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbà á tán, bi ara rẹ léèrè pé ta ló ni ín. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, tí epo bo ojú rẹ̀, èrò kò rí i. Ẹni tó dúró nínú oòrùn tó ń wo afẹ́fẹ́, èrò kò rí i. Gbé tiwọn fún wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè kóni lẹ́rù lọ ni. Mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó gba ọpẹ́ ẹlòmíràn náà, olè ni.

N kò rántí iye tí mo ti kà dé mọ́. Èyí ló wúwo jù. Ìkòkò wà nílé gbogbo èèyàn, Àkànbí. Wàá fẹ́ ìyàwó, wàá bímọ, ọmọ á ṣàìsàn lọ́jọ́ tí o ní láti gbéra, òjò á máa ṣú sórí ilé rẹ nígbà tí ìwọ wà ní Àbíjáǹ. N kò ní kí o má fẹ́ràn ilé. Èmi kò jẹ̀bi pé mo gbé ìkòkò fún aláboyún. Ohun tí mo jẹ̀bi rẹ̀ ni pé n kò sọ fún Kùtọnu pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, n kò sì fi àṣẹ lé ẹni tó dúró lọ́wọ́. Bí ilé bá ń pè ọ́ débi pé ojú rẹ kò sí lórí iṣẹ́, sọ ọ́ síta, kí ẹlòmíràn gba ipò rẹ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n bínú sí ọ sàn ju kí bàálù fọ́ lọ.

Bóyá ìdí tí o fi yan iṣẹ́ yìí ti wó bí o ṣe ń ka ìwé yìí. Mo ti rò ó, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fa mẹ́ta ya. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe jẹ́ kó wó lásán. Bí o bá ń wá ẹni tí o fẹ́ jọ ní pápá yẹn, má wo ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún. Wo ẹni tí apá rẹ̀ ṣẹ́, tí kò jókòó títí ó fi ka àwọn èrò rẹ̀ pé. Wo ẹni tó ká aṣọ kí ikán má bàa jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n lé e.

Ní ti ìjókòó tí o tọ́jú, n kò tíì lè sọ pé mò ń bọ̀. Ẹnìkan wà tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ ṣáájú mi, bó bá fẹ́. Mo fi ìwé méjì mìíràn sínú àpòòwé yìí. Ọ̀kan lọ sí bírò tó lé Láwàní lọ́jọ́sí, mo kọ òótọ́ sínú rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Bá mi fi í fún wọn ní Kùtọnu. Èkejì jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀. Tọ́jú ìyẹn.

Lọ́la, kí oòrùn tó mú, mo máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Okpómẹ̀ta. N kò ní gbé ẹ̀bùn kankan dání, kó má bàa dà bí ẹni pé mo fẹ́ fi nǹkan dí i lẹ́nu. Mo máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú àwọn ọmọ rẹ̀, bó ṣe yẹ kí n ti máa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, mo máa pè é ní ẹ̀gbọ́n, mo sì máa sọ ọ́ látòkèdélẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Ohun tó bá sọ, mo máa gbọ́.

Bí mo ṣe ń parí ìwé yìí, àwọ̀sánmà ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ ní apá Ìlárá. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí lè ká mi mọ́ ọ̀nà. Bó bá ká mi mọ́ ọn, n kò ní yí padà nítorí ìkòkò.

Èmi bàbá rẹ.